Ọpọlọ tí àrùn ń jẹ, ṣé ó lè hù padà?

Ẹni tí àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tàbí Alzheimer, tó ń jẹ ìrántí, bá wọ ilé rẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ń tako ara wọn. Ẹnì kan á ní, "Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá ti kú, ó kú náà nìyẹn." Ẹlòmíràn á ní, "Irọ́ ni o, ọpọlọ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i." Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni kò jọra, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú.

Èdè wa pàápàá dá kún un. Iṣan ni à ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni à ń pe ẹran ara tó máa ń le nígbà tí a bá gbé ẹrù. Iṣan náà tún ni èyí tó ń gbé ìrora láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ bá ọpọlọ. Bí wọ́n bá wá sọ pé "iṣan rẹ̀ ti kú", ó yẹ kí ènìyàn béèrè pé èwo. Ẹ̀kẹta yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kó má baà dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, fọ́nrán ni màá máa pè é.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ara kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, fọ́nrán kan sì gùn jáde láti ibẹ̀. Ara yẹn ló ń ṣe ohun gbogbo tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Fọ́nrán ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí tó ń mú ọmọ ìka ẹsẹ̀ mì, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà, nítorí náà fọ́nrán rẹ̀ lè gùn tó mítà kan. Bí a bá fẹ ara sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ títí tó fi tóbi tó bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, fọ́nrán rẹ̀ á gùn ní nǹkan bíi kìlómítà kan. Gbogbo ohun tí ìpẹ̀kun fọ́nrán náà nílò, láti ara sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń gbé e rìn dé ibẹ̀. Ọ̀nà jìn, ọ̀nà tó bá sì jìn báyìí, nǹkan tètè máa ń bàjẹ́ lórí rẹ̀.

Fọ́nrán kì í fara kan sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín wọn tí kẹ́míkà ń sọdá. Oríta ni màá máa pe ibẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà ní sẹ́ẹ̀lì bíi bílíọ̀nù 86, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríta. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ọpọlọ hù padà", ẹ bi í léèrè: ṣé ara sẹ́ẹ̀lì ni, àbí fọ́nrán, àbí oríta? Ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba rárá.

Apá lè ṣe é, orí kò lè ṣe é

Ká mú èyí tó rọrùn ṣáájú. Bí ọ̀bẹ bá gé fọ́nrán ní apá, èyí tó wà lápá ìka, tí kò so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì mọ́, á jẹrà. Augustus Waller ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1850, nígbà tó gé fọ́nrán tó lọ sí ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ (ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò ni mo wí o, kì í ṣe ọpọlọ inú agbárí). Ṣùgbọ́n kùkùté tó ṣì so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kò kú. Á yọ ọ̀mùnú, ọ̀mùnú náà á sì máa wá ọ̀nà padà ní nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ṣóńṣó ìka, ẹ ó rí i pé ó lè tó ọdún kan kí ìka tó mọ̀ pé nǹkan kan òun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nídìí fọ́nrán apá tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Schwann. Àwọn ló ń palẹ̀ èyí tó jẹrà mọ́, wọ́n á sì to ara wọn bíi páìpù tí ọ̀mùnú á gbà kọjá.

Nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìtàn yí padà. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo fọ́nrán lábẹ́ maikirosikóòpù. Ó rí i pé fọ́nrán ọpọlọ tó já náà máa ń yọ ọ̀mùnú. Á gbìyànjú díẹ̀, lẹ́yìn náà á dúró, orí rẹ̀ á wú bọ̀m̀bọ̀ bí ẹni tó forí gbá ògiri. Cajal kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú ọpọlọ àgbà, ohun gbogbo lè kú, kò sí èyí tó lè hù padà. Ó tún fi kún un pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọjọ́ iwájú ni láti yí òfin líle yìí padà bí wọ́n bá lè yí i. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ayé há sórí.

Ní 1981, Samuel David àti Albert Aguayo, ní Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà, gé iṣan oní-fọ́nrán láti ẹsẹ̀ eku, wọ́n fi ṣe afárá láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ eku náà dé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́nrán tí gbogbo ènìyàn ti ní kò lè hù mọ́ wọ inú afárá náà, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Fún eku, ọ̀nà tó jìn nìyẹn. Ibi tó wá dùn mí jù nínú ìtàn náà ni òpin rẹ̀: bí fọ́nrán ti dé ibi tí afárá parí, tó fẹ́ tún wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn padà, ó dúró lójú kan náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè ti yí padà. Fọ́nrán ọpọlọ kò yàgàn. Ilẹ̀ tó wà ni kò gbà á láyè. Ní 1988, Martin Schwab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich fi hàn pé ọ̀rá funfun tó wé mọ́ fọ́nrán nínú ọpọlọ ní purotéènì tó ń pàṣẹ fún ọ̀mùnú pé kó dúró. Nígbà tí wọ́n rí jíìnì tó ń ṣe ọ̀kan nínú wọn ní 2000, Nogo ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé "má lọ". Ìdènà kejì ni àpá tí àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn inú ọpọlọ máa ń dá yí ojú ọgbẹ́ ká. Ó ń dáàbò bo ibi tí kò tíì bàjẹ́, ó sì ń dí fọ́nrán lọ́nà. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní London fi ẹ́ńsáìmù kan tú díẹ̀ lára àpá náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn eku, àwọn fọ́nrán kan sì rí ọ̀nà kọjá.

Ìdènà kẹta wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọmọdé ní agbára ìdàgbà, ti àgbà ti pa á rẹ́. Ní 2008, àwọn kan yọ jíìnì tí wọ́n ń pè ní PTEN kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ẹyinjú eku, fọ́nrán tó ti já láàárín ojú àti ọpọlọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ má tíì yọ̀. PTEN yìí kan náà ni ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ń wá bí fọ́nrán ṣe máa hù ní láti mọ ohun mìíràn tó ń tú sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí ara á fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀? Èyí tó bọ́gbọ́n mu jù lójú tèmi ni pé ọpọlọ àgbà ti kọ́ ohun tó kọ́. Ìrìn, ọ̀rọ̀, ojú àwọn tí a mọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú bí fọ́nrán ṣe so mọ́ra. Bí gbogbo fọ́nrán bá lè hù bó ṣe wù ú, ohun tí a mọ̀ lánàá á fọ́nká kílẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀bẹ gé, ó lọ. Àrùn kì í lọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ayọ̀ ti máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni. Ọ̀bẹ gé fọ́nrán, ọ̀bẹ kúrò níbẹ̀, ó ku kí fọ́nrán hù. Àrùn tó ń jẹ ọpọlọ kì í kúrò níbẹ̀. Nínú Alzheimer, purotéènì amyloid ń ṣù jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tau sì ń lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú wọn. Nínú Parkinson, alpha-synuclein ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Purotéènì tó yẹ kó ká dáadáa á ká lódì, á lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀, wọ́n á di ìdì tí sẹ́ẹ̀lì kò lè gbá dànù. Fọ́nrán tuntun tó bá hù síbẹ̀, inú iná kan náà ló hù sí. Lecanemab, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, ń kó amyloid kúrò lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rí nínú ìdánwò oṣù 18 ni pé ó dín bí ìrántí àti ìṣe ojoojúmọ́ ṣe ń lọ kù ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò dá èyí tó ti lọ padà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn mọ̀, torí pé a kì í sábà sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ àrùn wọ̀nyí, bí igi tó ń ti ṣóńṣó ẹ̀ka gbẹ bọ̀ ló ń rí: oríta á kọ́kọ́ dákẹ́, fọ́nrán á tẹ̀lé e, ara sẹ́ẹ̀lì ló máa ń kẹ́yìn. Ní 1991, Robert Terry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ àwọn tí Alzheimer pa. Iye oríta tó kù ló bá bí ìrántí aláìsàn ṣe rí mu jù, ju iye ìdì amyloid lọ. Nítorí náà, láàárín ìgbà tí oríta bá dákẹ́ àti ìgbà tí ara sẹ́ẹ̀lì máa kú, àyè ṣì wà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti sọ oríta nù ṣì lè ṣe òmíràn. Èyí tó ti kú kò lè ṣe nǹkan kan.

Aládùúgbò tó ń gba iṣẹ́ ṣe

Ní 1969, Geoffrey Raisman gé fọ́nrán tó ń wọ apá kan nínú ọpọlọ eku. Fọ́nrán tó gé kò hù padà. Ṣùgbọ́n àwọn oríta tó yẹ kó ṣófo kò ṣófo: fọ́nrán mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ti gba ibẹ̀. Ìhùpadà kọ́ nìyí o. Àgbàṣe ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọpọlọ tún ara rẹ̀ ṣe, èyí gan-an ni wọ́n rí.

Ibi tó ti hàn gbangba jù ni àrùn ALS, èyí tó mú Stephen Hawking, tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan ẹran. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ní agbo tirẹ̀ nínú ẹran ara. Nínú iṣan tó ń yí ẹyinjú, agbo náà lè má ju okùn ẹran 10 lọ. Nínú iṣan ẹsẹ̀, ó lè lé ní 1,000. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú, agbo rẹ̀ di ọmọ òrukàn. Láàárín ìgbà díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí á yọ ẹ̀ka tuntun, á gba àwọn ọmọ òrukàn náà mọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń rìn, ọwọ́ ṣì ń di nǹkan mú, ẹni náà kò mọ̀ pé nǹkan ti ń lọ. Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ iná inú iṣan yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè rí i pé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń pàṣẹ fún agbo ńláńlá. Ẹ wá fojú inú wo ọjọ́ tí ọ̀kan lára àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyí náà bá kú. Agbo tirẹ̀ àti èyí tó gbà tọ́ á wó lẹ́ẹ̀kan. Ìdílé á ní, "Oṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀." Kò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kọjá.

Àwọn tí pólíò mú ní kékeré tún fi apá mìíràn hàn wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù gba agbo àwọn tó kú, ẹsẹ̀ sì padà gba agbára. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà mìíràn 30 tàbí 40, àìlera tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti ń ru ẹrù ẹlòmíràn láti ìgbà èwe ló ti rẹ̀.

Parkinson ń fi irú ọgbọ́n yìí bò ara rẹ̀ pẹ́ gan-an. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, kẹ́míkà tó ń mú kí ìrìn àti ìṣesí lọ geere, kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀ka fọ́nrán wọn kì í ṣe kékeré. Ìṣirò kan ní ọ̀kan ṣoṣo lè ní oríta tó lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí àwọn kan bá ń kú, àwọn tó kù á máa tú dopamine jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbà á náà á túbọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti máa ń tó ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tó ti lọ, dopamine ní ibi tí fọ́nrán wọn parí sí sì ti dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọwọ́ gbọ̀n kọ́ ni ọjọ́ tí àìsàn dé. Ọjọ́ tí ọpọlọ kò lè bò ó mọ́ ni.

Ti Alzheimer tún ya ènìyàn lẹ́nu ju èyí lọ. Láti 1986, David Snowdon bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì 678 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n sì gbà pé kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn wò lẹ́yìn ikú. Ọ̀kan nínú wọn kú ní ẹni ọdún 101. Títí dé òpin, ó ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìrántí. Nígbà tí wọ́n ṣí agbárí rẹ̀, ìdì amyloid àti tau kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìpamọ́ ọpọlọ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé irú èyí: ẹni tí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tó gba ìrònú àti ìbáṣepọ̀ ti la ọ̀nà púpọ̀ sí lórí máa ń rí ọ̀nà mìíràn gbà bí ọ̀kan bá dí. Ó ní ẹ̀gún tirẹ̀ o. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ṣàìsàn tó hàn, ó sábà máa ń yára wọlẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, torí pé àrùn ti jìn nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó hù ló sunwọ̀n

Tí ẹ bá wo ìdì amyloid lábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ ó rí fọ́nrán tó wú, tó wọ́, tó lọ́ mọ́ra yí i ká. Àwọn kan nínú wọn ní àmì ìdàgbà. Wọ́n ń hù, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n lọ kọ́ ni wọ́n ń lọ. Bákan náà, ẹni tó bá ti ń lo levodopa fún Parkinson fún ọ̀pọ̀ ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì láìfẹ́. Oríta inú ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ nǹkan mìíràn láti ara oògùn tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ọpọlọ yẹn kò ṣàìkẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó kọ́ ni kò dára. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í yá gágá bí mo bá gbọ́ pé oògùn kan "ń mú ọpọlọ hù".

Wọ́n sì ti gbìyànjú láti mú un hù lóòótọ́. Rita Levi-Montalcini, ará Ítálì, ló ṣàwárí NGF, purotéènì tó ń fa fọ́nrán mọ́ra, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Stanley Cohen ní 1986. Láti 2001, Mark Tuszynski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fi jíìnì NGF sínú ọpọlọ àwọn tó ní Alzheimer. Ní 2015, wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ àwọn tó ti kú: fọ́nrán yọ ẹ̀ka sí ibi tí NGF wà, èyí tí àrùn ti mú dání pàápàá. Ọpọlọ àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ṣì lè dáhùn! Àmọ́ ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ kò fi ìyàtọ̀ hàn nínú ìrántí àwọn aláìsàn, nígbà tí wọ́n sì tún ọpọlọ wò, wọ́n rí i pé NGF náà kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Ti GDNF jọ ọ́. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín gbé purotéènì yìí wọ inú ọpọlọ àwọn tó ní Parkinson. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ kú nítorí àìsàn ọkàn, wọ́n sì rí i pé fọ́nrán dopamine pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi í sí. Nígbà tí wọ́n wá fi wé omi lásán tí kò ní oògùn nínú, nínú ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àwòrán ọpọlọ sàn sí i, ṣùgbọ́n nínú ìrìn àti ìṣesí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà. Fọ́nrán tó hù àti aláìsàn tó sàn, nǹkan méjì ni.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i dípò. Ní Lund, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n ti ń gbìn ín láti 1987. Àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2008, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, wọ́n sì rí ìdì Parkinson nínú díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì àlejò náà, àwọn tí kò tíì ju ọdún 11 sí 16 lọ. Iná kan náà tí mo wí lókè ló ràn mọ́ wọn. Èyí kò dá wọn dúró: ní 2025, ìròyìn ìdánwò méjì jáde, ọ̀kan láti Kyoto lára ènìyàn 7, èkejì láti Amẹ́ríkà àti Kánádà lára ènìyàn 12. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé ìwádìí ni wọ́n gbìn. Wọ́n yè, wọ́n ń ṣe dopamine, wọn kò sì di kókó. Ènìyàn 19 kò tó láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ń retí èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀yin kan á béèrè bóyá ọpọlọ àgbà kì í bí sẹ́ẹ̀lì tuntun fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn ni. Ní 2013, àwọn kan ṣírò pé bíi 700 ń yọjú lójúmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan hippocampus, ibi tí ìrántí tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, àwọn mìíràn wá a títí, wọn kò rí i. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé wọ́n ń yọjú, 700 lójúmọ́ nínú bílíọ̀nù 86 kò lè dí ojú ihò tí Alzheimer ń gbẹ́.

Èyí tó wà lọ́wọ́ aláìsàn

Ìdárayá ni mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Nínú ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ènìyàn 128 tí Parkinson wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn ni wọ́n pín sí mẹ́ta. Àwọn tó ń rìn kíkankíkan lórí ẹ̀rọ ìrìn, débi pé ọkàn wọn ń sáré ní ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ burú sí i láàárín oṣù mẹ́fà. Àwọn tó kàn ń gbé ìgbésí ayé wọn bí ti tẹ́lẹ̀ burú sí i. Oṣù mẹ́fà kò pẹ́, kò sì sí ẹni tó rí sẹ́ẹ̀lì tó hù. Àmọ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọkàn wò, torí pé ọkàn tí kò lágbára kò lè gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ògùn tó ní ó ń "hu sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ", kí ó sọ fún yín irú ènìyàn tí wọ́n dán an wò lára rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi wé. Bó bá jẹ́ eku nìkan ló mẹ́nu bà, ẹ rántí ìdènà mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ lókè.

Nǹkan kan tún wà tí n kò lè ṣàìsọ, torí pé ó ṣeé fojú rí nínú yàrá. Ẹni tí Parkinson mú lè dé ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dì mọ́lẹ̀ gbagidi. Ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ kọ̀. Bí wọ́n bá lẹ tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ tó hàn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ní ìlà ìlà bí àtẹ̀gùn, ó lè gbé ẹsẹ̀ sọdá ìlà àkọ́kọ́, kó sọdá ìkejì, kó máa lọ. Ẹlòmíràn tí kò lè rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ á gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ìrìn tí a kò ronú sí, ọ̀nà tí dopamine ń ṣọ́ ló ń gbà, ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́. Ìrìn tí ojú ń darí ń gba apá mìíràn nínú ọpọlọ kọjá, ibẹ̀ ṣì là. Kò sí fọ́nrán tó hù láàárín ìlà kìíní àti ìkejì. Ẹ sì fi tẹ́ẹ̀pù náà sílẹ̀ níbi tó wà, torí bí ẹ bá ká a kúrò, ẹsẹ̀ lè tún dì lẹ́nu ọ̀nà kan náà.